Agolo Bádéjọ Lórí Àjà Monique

Kò sí ẹni tó ní rédíò ní ẹ̀yìn ọjà Marché Dakar tí kò mọ Bádéjọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí àwọn yòókù kò gbọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi ló mú un wá sí Douala ní Cameroon nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó fẹ́ sọ ọ́ di oníṣòwò. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní aṣọ wọ́n, Bádéjọ á ní òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọmọ yìí, ìwọ ò lẹ́nu ọjà. Lọ wá nǹkan tí kì í fèsì ṣe." Bó ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò nìyẹn. Ó fẹ́ Àbídèmí, ó bí Kíkí, ó gba yàrá méjì nínú àgbàlá kan tí Monique, obìnrin ará Cameroon tó ń yan ẹja tà, ń gbé níwájú wọn.

Gbogbo èyí kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni àwọn fíìmù rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló fẹ́ràn. Àwọn àtijọ́ tó kọ́kọ́ ní ohùn ni, àwọn tí wọ́n yà nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí àwòrán ṣe lè sọ̀rọ̀. Pàápàá èyí tí kò lókìkí, tí a kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́, tó sì lè jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló ṣẹ́kù láyé. Ilé sinimá kan ló ti rí wọn. Ó máa ń bá wọn tún ẹ̀rọ agbóhùnjáde wọn ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́n dé, tí kòkó àti kọfí kò ta mọ́, tí wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, àga ilé sinimá náà ṣófo, wọ́n sì tì í pa. Ní ọjọ́ tí onílé sinimá fẹ́ kó lọ, ó ṣílẹ̀kùn ilé ẹrù fún Bádéjọ, ó ní kó mú ohun tó bá wù ú kí eku tó kó ìyókù. Lábẹ́ àwọn àga tó ti ṣẹ́, Bádéjọ rí àwọn agolo pẹrẹsẹ tó ti dípẹtà, tí kò sẹ́ni tó tú wọn wò láti ayé àwọn Faransé. Ó gbé wọn. Ó gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ sinimá náà pẹ̀lú.

Nígbà tó gbé fíìmù àkọ́kọ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó rí ìlà kan tín-ín-rín tó ń gbọ̀n ní etí àwọn àwòrán náà, bí eyín òòyà tó ti kán níbìkan tó sì gùn níbòmíràn. Ohùn ni ìlà yẹn. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ohùn kiri nínú wáyà àti gílóòbù, ó rí i lójúkorojú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rí ara rẹ̀ gbà mọ́.

Òun nìkan kọ́ ni irú ìfẹ́ yìí ń bá jà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ François, akọ̀wé ní èbúté tó ń gbé ní àdúgbò Kotto, gbọ́ nípa agolo náà, ó sì wá a wá. Òun ti ń kó irú wọn jọ tipẹ́. Bí ó bá ti di ọjọ́ Sunday, àwọn méjèèjì á ti ara wọn mọ́ ìsọ̀ Bádéjọ, wọ́n á ta aṣọ ibùsùn funfun mọ́ ògiri, wọ́n á wo ìwọ̀nba.

Fíìmù kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin kan ló jókòó nídìí tábìlì, ìkòkò òdòdó sì wà níwájú rẹ̀. Inú òdòdó yẹn ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn pamọ́ sí, nítorí náà kò bojú wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Òdòdó ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bẹ ẹnì kan pé kó má tíì lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹnì kan tí kò sí nínú àwòrán húkọ́. Obìnrin náà gbójú sókè, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀, ó wo apá ibi tí ikọ́ náà ti wá, lẹ́yìn náà ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fíìmù sì parí síbẹ̀. A kò mọ ìbẹ̀rẹ̀, a kò mọ òpin.

"Àwọn fíìmù ńlá," François máa ń sọ, "wọ́n ti nu ikọ́ kúrò lára wọn. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ti gbogbo ayé ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ikọ́ yìí rí? Èmi àti ìwọ. Ẹni tó húkọ́ ti kú, ẹni tó gbójú sókè ti kú, síbẹ̀ ó ṣì ń húkọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà á."

Àbídèmí wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ bí ohùn àtijọ́ náà ṣe ń ṣe ṣàà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ó sì ní, "Òjò ń rọ̀ nílùú tiwọn náà."

"Kì í ṣe òjò," ni Bádéjọ wí. "Ogbó ni."

Ó gba ohùn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Elkanah aránbàtà, ọmọ ìlú rẹ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tirẹ̀, kò jẹ́ kó rímú mí.

"Bádéjọ, rédíò ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ òjò."

"Kásẹ́ẹ̀tì ni."

"Atúnrédíòṣe tí tirẹ̀ ń hó bí ẹ̀wà. Bí mo bá wọ bàtà tó ti yẹnu báyìí, ta ló máa gbé bàtà wá fún mi?"

"Ìwọ kúkú ni, o ò ní bàtà tó sàn jù yẹn."

Elkanah á rẹ́rìn-ín, ikọ́ inú kásẹ́ẹ̀tì á dún, òun náà á sì yíjú wẹ̀yìn kó tó rántí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bádéjọ kò sọ fún Elkanah, tí kò sọ fún Monique, tí kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí François wá, ó gé díẹ̀ lára etí fíìmù kan, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó ṣáná sí i. Kò jó bí bébà ṣe ń jó. Ńṣe ló fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. François jù ú sínú garawa omi, iná náà sì ń jó lọ nísàlẹ̀ omi bí ẹni pé inú atẹ́gùn ló wà. "Bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù ayé ìgbà yẹn nìyí," ó wí. "Bó bá sì ń gbó, á máa burú sí i. Gbé e síbi tó tutù. Má sọ fún ìyàwó ẹ o, obìnrin tó bá mọ̀ máa kó gbogbo ẹ̀ dà nù."

Bádéjọ wá ibi tó tutù jù nínú yàrá méjèèjì. Igun kan wà tí oòrùn kì í dé. Abẹ́ ibùsùn Kíkí ni.

Ọdún ń lọ, ó sì ń mọ́ ọn lára. Bí ènìyàn bá fi nǹkan pamọ́ pẹ́, á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan ọ̀hún mọ́.

Nígbà tó di ọdún 1991, òjò Douala bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹni pé wọ́n tú ìdí ọ̀run. Agolo náà ń rùn. Òórùn náà dà bí ti ìbọ̀sẹ̀ tí a gbàgbé sínú omi, ó sì tún ń ta nímú. Etí fíìmù obìnrin náà ti ń lẹ̀ mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n bí ìpẹtà. François ní òun ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní òkè òkun tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíìmù tuntun. Ọ̀rẹ́ òun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi yóò bá wọn gbé e lọ ní òpin oṣù. Ohun tó kù kò ju pé kó má bàjẹ́ tán kí ọkọ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí gba oorun lójú Bádéjọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà ìlú dé. Àwọn tó ń bá ìjọba jà ní kí gbogbo ìlú tilẹ̀kùn láti ọjọ́ Monday títí di Friday. Villes mortes ni wọ́n ń pè é, ìlú òkú, ó sì dà bí orúkọ rẹ̀. Ọjà dákẹ́. Takisí kò rìn. Àwọn ọ̀dọ́ sun táyà sójú títì, èéfín dúdú sì dúró sójú ọ̀run bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Kẹrosíìnì di ohun àwátì. Sítóòfù Àbídèmí gbẹ, òun àti Monique wá ń dáná igi pọ̀ nínú ilé ìdáná Monique.

Ní ọjọ́ Sunday kan, Bádéjọ fẹ́ lọ sí Kotto lọ bá François ṣètò bí wọn yóò ṣe di fíìmù náà. Kó tó jáde, ó fọwọ́ kan etí ibùsùn Kíkí.

"Ìyá Kíkí, ẹ bá mi mójú tó àwọn agolo yìí. Ọ̀rinrin ló ń pa wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rinrin kàn wọ́n."

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?"

Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Kò sí," ó wí, ó sì lọ.

Òjò ò jẹ́ kó padà lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti di gbogbo ọ̀nà. François ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, inú yàrá tó kan ilé ìdáná ló sì to agolo tirẹ̀ sí. Bádéjọ jókòó láàárín wọn, ó ń gbọ́ bí màmá náà ṣe ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódì kejì ògiri. Òróró ń ta. Ohùn náà jọ ohùn ṣàà inú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

François ṣí agolo kan hàn án. Fíìmù inú rẹ̀ ti di ẹ̀tù aláwọ̀ ilẹ̀.

"Bó bá ti dé báyìí," ó wí, ó rọra da ọmọrí rẹ̀ padà, "kò nílò ìṣáná mọ́. Ooru páànù òrùlé lásán ti tó."

"Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Kí ni Màmá fẹ́ fi ṣe?"

Láti ìgbà náà, ara Bádéjọ kò balẹ̀ mọ́. Kò dúró de ìgbà tí ọ̀nà máa là. Nígbà tó di ọjọ́ Tuesday ó fẹsẹ̀ rìn. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó gba ojú àgbàrá, ó kọjá lára táyà tó ń jó nínú òjò tí kò kú. Àwọn ọ̀dọ́ kan dá a dúró, wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Nàìjíríà pè é.

"Biafrais, ìsọ̀ ẹ lo fẹ́ lọ ṣí, àbí?"

"Ilé ni mo ń lọ. Mo ní ọmọ nílé."

"Gbogbo wa la lọ́mọ." Ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì yà fún un.

Nígbà tó wọ àgbàlá, èéfín ń jáde lẹ́nu ilé ìdáná Monique, ẹ̀rín obìnrin sì ń dún níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọ yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Ilẹ̀ lásán ló rí, ilẹ̀ tútù, àti ẹsẹ̀ bàtà Kíkí kan.

"Ìyá Kíkí! Agolo mi dà?"

Àbídèmí jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́, inú rẹ̀ dùn láti rí i. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Kíkí. Ẹ jókòó ná. Mo ti tọ́jú wọn."

"Níbo?"

"Omi wọ abẹ́ ibùsùn lánàá. Ẹ sì ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rinrin kàn wọ́n. Mo rántí bí ìyá àgbà wa ṣe máa ń ṣe nílé. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó rí ọdún tó ń bọ̀, orí àjà lókè ààrò ni wọ́n ń gbé e sí. Àgbàdo irúgbìn, èlùbọ́, ẹ̀gúsí. Monique ní bẹ́ẹ̀ náà ni lábúlé tiwọn, banda ni wọ́n ń pè é. Ó bá mi tò wọ́n. Èyí tí ẹ fẹ́ràn jù yẹn, àárín gan-an ni mo gbé e sí, níbi tí ooru ti ń dé dáadáa."

Bádéjọ gbójú sókè sí èéfín ilé ìdáná. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ó sáré.

Monique wà nínú èéfín, ó ń fẹ́ iná sí ẹja rẹ̀. Kíkí jókòó tì í lórí àpótí, ó ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù rẹ̀. Lókè orí wọn, láàárín àwọn igi àjà, agolo náà tò bí abọ́ ìyàwó tuntun.

"Papa Kíkí, c'est comment? Wọ́n ti jẹ́ kí o kọjá?"

"Ẹ jáde," ó wí. Kò pariwo. "Kíkí, dìde. Monique, jọ̀ọ́, jáde."

"Ẹja mi wà lórí iná."

"Monique, iná wà lókè yẹn. Mo bẹ̀ ọ́."

Ojú rẹ̀ ló lé wọn jáde ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó fa igi tó ń jó kúrò lábẹ́ ààrò, ó jù wọ́n sínú òjò ní àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó da odó dé, ó gùn ún. Agolo àkọ́kọ́ gbóná bí irin ìlọṣọ. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi dì í mú, ó gbé e lọ sẹ́yìn àgbàlá lẹ́bàá dúróòmù omi òjò, ó padà wá. Ọmọrí àwọn kan ti wú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Gbogbo àgbàlá ti jáde, wọ́n dúró lábẹ́ ìgbátí òrùlé.

Ti àárín ló kù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èéfín tín-ín-rín aláwọ̀ ilẹ̀ ń jáde létí ọmọrí rẹ̀, ó ń jáde, ó ń dáwọ́ dúró, bí èémí ẹni tó ń sùn. Bádéjọ mọ̀ pé ó yẹ kó fò sílẹ̀ kó sá. Ó gbé e. Ó sáré já síta, kò sì tíì dé ẹ̀yìn àgbàlá tí ẹ̀wù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ó jù ú sójú gọ́tà.

Agolo náà là. Ohun tó jáde kò jọ iná tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ̀. Ó funfun, ó yára, ó ń hó ṣàà, òjò ń rọ̀ lé e lórí, omi gọ́tà ń ṣàn gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì ń jó. "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má fa èéfín yẹn sínú," Bádéjọ ń wí. Wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n ń wo iná tó ń jó lábẹ́ omi títí ó fi jẹ obìnrin náà tán, àti tábìlì rẹ̀, àti òdòdó rẹ̀. Ó kù kìkì páànù dúdú.

Monique wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó ń kó ẹja rẹ̀ kúrò lórí ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹja náà lè là.

Àbídèmí di Kíkí mú mọ́ ẹsẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti bó.

"Bàbá Kíkí, ṣé ẹ mọ̀ pé bó ṣe ń jó nìyẹn?"

Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ gbọ́.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ní kí n tọ́jú ẹ̀."

"Èrò mi ni pé, bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó kó wọn dà nù."

"Mo máa kó wọn dà nù." Ó fọwọ́ kan orí Kíkí. "Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin, abẹ́ ọmọ lẹ fi tiyín sí."

Bádéjọ kò dúró kó tún sọ nǹkan mìíràn. Ó jẹ́ kí àwọn agolo tó kù tutù, lẹ́yìn náà ó tú wọn, ó sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó bó náà ri fíìmù kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ dúróòmù omi òjò. Nínú omi, wọn kò ní í dédé gbiná mọ́. Ó mọ̀ pé omi yóò bó àwòrán kúrò lára wọn bí awọ ejò. Ó fi páànù dé e, ó gbé òkúta lé e.

Ní ọjọ́ Saturday tí ìlú tún là, François dé pẹ̀lú páálí tó fẹ́ fi di ẹrù. Ó ṣí dúróòmù náà. Omi rẹ̀ ti funfun bí omi ògì, nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ń léfòó lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"A ṣì lè gba àwọn tó wà nísàlẹ̀ là. Jẹ́ kí n gbé wọn lọ sí Kotto nísinsìnyí, kí n sá wọn."

Ó wu Bádéjọ. Ó wù ú débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára dúróòmù kó tó mọ̀. "Sí yàrá tó kan ilé ìdáná Màmá?"

"Níbo ló tún kù?"

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

François rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tí a béèrè ohun kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ti gbó tó yẹn, kí la fẹ́ máa dẹ́rù bà á fún?"

Bádéjọ gbé òkúta padà sórí páànù. François bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó pè é ní aláìmọ̀kan, ó sì gbé páálí òfìfo rẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ tán, Bádéjọ lọ ṣí ìsọ̀. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Obìnrin náà ń bẹ ẹni tó ń bẹ̀, òjò rẹ̀ ń rọ̀. Nígbà tí ikọ́ náà dún, Elkanah kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bó, ó ní, "Pa á, jọ̀ọ́." Bádéjọ pa á.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó wọ bàtà rẹ̀. Àbídèmí, tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ iná, bi í níbi tó ń lọ.

"Kotto. Mo fẹ́ rí ìyá François."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

"Iná ni màá kọ́kọ́ sọ."

Àbídèmí wọlé, ó mú gèlè rẹ̀ jáde. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Bóyá wọn ò ní í gba ẹ̀yin nìkan gbọ́."

Wọ́n wọ takisí títí dé Kotto. Oòrùn ti yọ lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, páànù gbogbo òrùlé ń tàn yanran. Bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn, òórùn ìbọ̀sẹ̀ tútù náà pàdé wọn, ó sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbídèmí fi etí gèlè bo imú, ó wo ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, òróró ń ta. Ẹnì kan húkọ́ nínú ilé, ikọ́ arúgbó.

Bádéjọ fi ọwọ́ tí kò bó kanlẹ̀kùn, ó kàn án kíkankíkan.